Igi Ẹ̀yìn Táyà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí kunkun ṣe ń rí, kó wá wo Bàbá Gòkè nídìí ọkọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló ti ń gbé díísẹ̀lì lọ sórí òkè tí òpó tẹlifóònù wà, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀, Onígi ni wọ́n ń pè é, ọkọ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, obìnrin yìí á bọ́ sílẹ̀, á ki igi kan bọ ẹ̀yìn táyà.

"Onígi, mo ti fi í sí gíà kìíní. Níbo ló fẹ́ lọ?" Bàbá á sì rẹ́rìn-ín títí. Kì í lo bíréèkì ọwọ́ rárá. Ó ní àwọn tí ò mọ ọkọ̀ wà ni wọ́n ṣe é fún.

Wàhálà dé nígbà tí gíà kékeré bà jẹ́, ìyẹn èyí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Ọmọ wọn obìnrin, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ ju gbogbo ọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ (ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú), ló bá wá òmíràn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, ó dè é mọ́ ọn. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ti àtijọ́ ní. Méjì ni ti tuntun: ti òsì fún táyà iwájú, ti ọ̀tún láti yan eré tàbí agbára.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín."

"Ìwọ? Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà nígbà tẹ́sẹ̀ ẹ ò tíì kan kílọ́ọ̀ṣì?"

Ọ̀rọ̀ di ìpàdé ní pálọ̀. Ọmọ ní orúnkún Bàbá ti ń dún, kí wọ́n gbé ọkọ̀ fún òun, kí wọ́n sinmi. Bàbá fàáké kọ́rí. Wọ́n bá ṣàdéhùn: bí Bàbá bá fi gíà tuntun yìí gun òkè láìsí wàhálà, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, kó gbé e fún ọmọ. Ẹnu lásán ni Bàbá fi ń lérí o. Kí ni wọ́n á máa pe Bàbá Gòkè tí kò gòkè mọ́?

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Kẹ́ẹ̀gì díísẹ̀lì mẹ́wàá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ jókòó tì wọ́n. Onígi wà níwájú, igi rẹ̀ lórí itan. Nígbà tí wọ́n gun òkè dé ìdajì, táyà rì sínú ẹrẹ̀, ó ń yí lójú kan. Bàbá tẹ bíréèkì. Kó tó ṣẹ́jú, Onígi ti bọ́ sílẹ̀. Bàbá ti ọ̀pá òsì, ó fa ti ọ̀tún. Nígbà tí ọ̀pá náà dúró, ó rò pé ó ti wọlé nìyẹn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi gíà ńlá sí kìíní bó ṣe máa ń ṣe, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó fẹ́ lọ wo ẹrẹ̀.

Yéè! Ọkọ̀ fà sẹ́yìn!

Ọ̀pá yẹn ò tíì wọlé rárá. Àárín ló dúró sí, ní fírì. Bí gíà kékeré bá sì ti wà ní fírì, o lè fi gíà ńlá síbi tó bá wù ẹ́, kò kan táyà. Kòtò ńlá wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ kígbe, ó dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ọkọ̀ yí díẹ̀, ó kọ lu nǹkan, gbì! Ó dúró.

Igi Onígi ni.

Bàbá fa bíréèkì ọwọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rí igi tó ti rì wọnú ẹrẹ̀ lábẹ́ táyà, ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò dé ìgúnpá. Omi lé sójú rẹ̀.

"Onígi, o ṣeun. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́..."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ ò fara pa?"

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Àdéhùn ni àdéhùn. Gbà."

Ọmọ kó ọwọ́ sẹ́yìn. "A ò tíì dé òkè, Bàbá."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bàbá wá sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí. "Ìyá mi, kọ́ mi."

Bàbá padà sídìí ọkọ̀, ọmọ wọlé jókòó tì í. "Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀. Gíà ńlá sí fírì. Ó yá, ẹ fa ọ̀pá ọ̀tún kọjá àárín. Ẹ má bá a jà, Bàbá."

Ẹ má bá a jà! Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọmọ náà nìyẹn, lọ́dún wo lọ́hùn-ún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti fa ọ̀pá. Ó fà á, ó wọlé gbàgà! Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi gíà ńlá sí kìíní, ó tú bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ rọra ń fà kúrò nínú ẹrẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Onígi yọ igi rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí wọ́n débi òpó, Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ó sì pa ọwọ́ náà dé.

"Mo ti gòkè, ó tó mi. Ìwọ ni kó o máa wà á. Iṣẹ́ mìíràn wà tí mo fẹ́ ṣe."

Ó gba igi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi orúnkún tó ń dún yẹn kúnlẹ̀, ó ki igi náà bọ ẹ̀yìn táyà. Onígi bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ó jìnnà sí táyà. Ẹ tún un fi."

Ó sì tún un fi.