Adìẹ Tó Jẹ Òdo Kan

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Bódìjà, òdo ló máa ń dà mí láàmú jù nínú ìṣirò. Bí òdo bá ti ju mẹ́ta lọ lórí ìwé, ojú mi á fo ọ̀kan. Ìyá mi tí ń ta ẹ̀wà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: kí n fi ẹyọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan dípò òdo kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa mú wọn kúrò bí mo bá ń pín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ pín wa sí kíláàsì, orúkọ mi kò sí lára àwọn tí yóò ṣe sáyẹ́ǹsì. Mo bẹ tíṣà wa, wọ́n sì fún mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ sílé. Oòrùn fi àádọ́jọ mílíọ̀nù kìlómítà jìnnà sí wa. Ìmọ́lẹ̀ ń rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Bí mo bá gbà á, mo wọlé. Bí n kò bá gbà á, ó parí.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 15 sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, mo to ẹ̀wà méje tẹ̀lé e. Mo kọ 3 sísàlẹ̀, mo to márùn-ún. Ìyá mi pè mí pé kí n wá gbé omi. Nígbà tí mo padà, adìẹ wa ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Mo lé e, n kò sì tún ẹ̀wà kà. Mo mú márùn-ún kúrò lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, mo pín ìyókù: àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà wo ìwé mi. "Àádọ́ta? Ṣé Òjòó tó wà nítòsí yìí ni oòrùn wà ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí mi. "Ó yá, ṣe é síbí."

Kò sí ẹ̀wà níbẹ̀. Mo fi ìka ka òdo méje náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló jáde: ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá.

"Kí ló wá ṣe ti àná?"

"Mà, adìẹ wa ló jẹ òdo kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì kọ orúkọ mi kún ti sáyẹ́ǹsì. "Fi adìẹ sílé o."

Lónìí, fóònù ló ń ṣe é. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan yóò ṣe pẹ́ tó lọ́nà. Ìdáhùn jáde kí n tó ka ìbéèrè tán. Mo ní kó ka òdo tó tẹ̀.

"Mọ́mì, fóònù kì í ṣì í."

A kà á. Ó dín ọ̀kan.

Nǹkan ti rọrùn ju ti ìgbà wa lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n adìẹ yẹn ò tíì kúrò lẹ́yìnkùlé.