Àtàǹpàkò Ìyá Mi

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ló kọ́ mi pé ara ènìyàn lè gbé ogun dìde láìsí ọ̀tá. Ó wú, ó sì ń ṣọyún létí èékánná. Àkàndùn ni gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀kà pè é. Wọ́n dá ihò sí ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí ó ki ìka náà bọ̀ ọ́. Àkàndùn a máa tú, a sì máa san. Èyí kò lọ. Ó jẹ èékánná náà tán, ó tún mú ìka tó tẹ̀ lé e.

Dókítà awọ ara tí a lọ rí ní Ọ̀wọ̀ ló sọ orúkọ rẹ̀ fún wa: sọráyásísì, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé orí ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló ń mú. Ó ní kì í ràn. Láti ìgbà náà fóònù mi kò sinmi mọ́, mò ń ka ohun gbogbo nípa àìsàn náà lórí rẹ̀. Mo ra awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo sì máa ń mú ọwọ́ ìyá mi lọ síbi oòrùn. Awọ ibẹ̀ pupa, ó ń dán bí ata rodo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọyún wà lábẹ́ rẹ̀ ní tótòtó, òmíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Méjì á pàdé, wọ́n á di adágún kékeré kan, á gbẹ, á sì bó. Àwọn tuntun ti ń dúró nísàlẹ̀. Síbẹ̀ kò sí kòkòrò àìsàn kankan nínú ọyún náà! Àwọn ọmọ ogun ara ló sáré wá, wọn kò bá ẹnikẹ́ni, wọ́n sì kú síbẹ̀.

"Dókítà, ṣé o ti wò ó tán?" ni ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbí kí n gé e fún ọ, kí o gbé e lọ sílé rẹ ní Ìkàrẹ́?"

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Ìkàrẹ́ ni àwàdà náà tán. Ìyá mi dé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti òrí, ṣùgbọ́n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìró bo ọwọ́. Ó ní òun kò ní wẹ ọmọ náà.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí dókítà wí, Màmá. Kì í ràn."

"Mo gbọ́. Bó bá wá ràn án ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó ń mi orí, kò dìde.

Èmi ni mo wá na ẹsẹ̀ sínú bàsíà, tí mo tẹ́ ọmọ lé e.

"Di ọrùn mú," ìyá mi kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ọrùn ni mo wí! Ṣé iṣu lò ń fọ̀ ni?"

Ọṣẹ wọ ojú ọmọ, ó figbe ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ lẹ́sẹ̀ mi. Kí n tó fà á padà, ìyá mi ti gbà á. Ó ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ń bomi sí i lórí, àtàǹpàkò pupa yẹn sì ń rọra tẹ àtàrí ọmọ náà. Igbe dákẹ́.

"Ọṣẹ yìí ń ta mí o," ó wí, kò sì dúró.

Nígbà tó kan ọwọ́, ọmọ náà di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, níbi tí kò ti sí èékánná gan-an. Ìyá mi tẹjú mọ́ àwọn ìka kéékèèké yẹn. Èékánná wọn fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

"Ó pé," ó wí jẹ́jẹ́. "Lórí gbogbo ìka."

Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí. "Gbé òrí wá. Lọ́la, ìwọ ni wàá máa bu omi."