Ìka Ọ̀gá Akọrin

Tí ọkọ̀ ojú omi bá ti fun fèrè ní Àpápá, ọ̀gá akọrin wa á na ìka sókè, á bá a wí: "Ohùn ẹ lọ sílẹ̀ jù!" Ì báà jẹ́ àdúrà là ń gbà lọ́wọ́.

Ìwé mi ò pọ̀, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tèmi ló lágbára jù ní gbogbo Ajégúnlẹ̀. Ẹ bi àwọn tá a jọ ru ẹrù ní wáàfù. Nígbà tá a fẹ́ ṣe kọ́ńsáàtì ńlá pẹ̀lú àwọn onífayolíìnì, orin àtijọ́ àwọn òyìnbó ò ni mí lára rárá. Orin tuntun tó tẹ̀ lé e ló le, torí gbogbo wa máa dákẹ́ lójijì láàárín ẹ̀.

Ọ̀gá kìlọ̀: "Ẹni tó bá kọrin kí n tó na ìka, kó má padà wá mọ́. Ìwọ oníwáàfù, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ náà, a dákẹ́ lóòótọ́. Àfi bí ọkọ̀ ṣe fun fèrè! Ìka ọ̀gá ti lọ sókè láti bá a wí. Mo bú sórin, gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé mi, làwọn èèyàn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo bi í lẹ́yìn náà: "Ọ̀gá, ṣé kí n má wá mọ́ ni, sà?"

Ó wo ìka ẹ̀ títí. "Máa bọ̀ jàre. Ìka yìí ni mo lé kúrò nínú ẹgbẹ́."