Ìdáhùn Hàmdálàt Lórí Màlúù Omi

Olóríkunkun ni ọkọ mi, Felix Akínfẹ́nwá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Agége, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkìtì tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀sà ni wọ́n. Ohun tí ìwé bá ti sọ, abùṣe ti bùṣe.

Ìwé sọ pé tí òtútù bá dé, màlúù omi, ẹran gàǹgà tó ń jẹ koríko inú odò, á sá lọ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ létí òkun. Ọkọ mi fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ọmọ kan, Hàmdálàt, kọ ọ́ pé ìgbà òjò ni tiwa ń ṣí: bí omi bá kún bo etídò, á lọ jẹ koríko tútù níbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á padà sínú ọ̀sà. Ó ní ìyá àgbà òun ní Ẹ̀pẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi fi bírò pupa fagi lé e, wọ́n sì kà á sókè kí kíláàsì fi rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá, wọ́n fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá a lọ kí àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́, apẹja kan sì sọ ọ̀rọ̀ Hàmdálàt gẹ́lẹ́ fún wọn. Ó ní ti inú ìwé yẹn, ti ìlú òyìnbó ni. Ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Àánú wọn ṣe mí, àmọ́ kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

"Mo gbọ́dọ̀ rí ọmọ yẹn."

"Ọmọ tó ti lè bímọ báyìí?"

"Mo gbọ́dọ̀ rí i, Morẹ́nikẹ́."

Wọ́n wá a dé Dópẹ̀mú, àwọn ará ilé rẹ̀ ti kó lọ. Aládùúgbò kan sọ pé iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Orégùn ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi dúró lẹ́nu géètì, tí sìkiọ́rítì ń lé wọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, mo tẹ̀lé wọn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe jáde nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan rí wọn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Hàmdálàt, ìwọ lo gbà á. Ti màlúù omi yẹn. Èmi ni mo ṣì í. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí.

"Sà, bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn, mo pe ìyá àgbà mi ní òpùrọ́ lórí fóònù. Wọn ò sọ̀rọ̀ odò fún mi mọ́ látìgbà yẹn."

"Ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n wà, sà. Wọn ò ríran mọ́ ni."

"Ọjọ́ wo lo máa ráyè ká jọ lọ? Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

"Sà, wọn ò ní rí yín."

"Mo sanra tó," ni ọkọ mi wí. "Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gbọ́."