Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Onífọ́tò ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí èèyàn bá wá ya fọ́tò, òun ló máa kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí. Gbajúmọ̀ là ń pè é. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà.

Àmì dúdú kan yọrí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀wà. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Kò dùn ún, kò yún un. Àfi ìgbà tó di àgbàlagbà tán tó ní àmì yìí ló ń ba ẹwà òun jẹ́. Imú rẹ̀ ńkọ́? N ò sọ ọ́ síta, nítorí ẹ̀gbọ́n mi.

Dókítà gé e kúrò. Nọ́ọ̀sì tó di egbò náà kìlọ̀ fún un: "Ẹ má họ èépá rẹ̀ o, sà. Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi ìpara yìí pa á kó má baà gbẹ jù, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa á."

"Mo ti gbọ́."

Etí ikún ló kọ sí i. Kò pẹ́ tó délé tó já bándéèjì dànù, tó ń fi èékánná họ èépá níwájú dígí.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ aránṣọ, ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó ní kí aránṣọ lọ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, òun kì í bá a dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú.

Ó họ ọ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣọyún. Nígbà tó máa jinná, àpá tó hù síbẹ̀ le gbandi, ó ga ju àmì àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń pàṣẹ fáyé kí wọ́n gbójú sókè wá ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kiri bí ẹni eyín ń dùn. Ó tiẹ̀ sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Kò ṣe èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Wọ́n fún wọn ní pílásítà kan tó rọ̀ bíi rọ́bà, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpá náà, kí wọ́n sì máa fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń ṣe é? Láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó fẹsẹ̀ kan máṣíìnì, á gbé orí olórí kunkun lé itan, á máa fi àtàǹpàkò ra àpá náà. Oṣù ń gorí oṣù. Àpá rọ̀, ó pẹlẹbẹ, ó ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ọkọ rẹ̀, oníbàárà kan ń bi í léèrè ìlà náà.

"Ara tèmi yàtọ̀," ló wí. "Egbò kì í pẹ́ lára mi."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó nítòsí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Mo pòṣé kí n tó jáde.