Nígbà tí Ewé Ata Ìyá Ọkọ Mi Ń Pọ́n

Bí ewé ata bá fara kan aṣọ ènìyàn láàárọ̀, òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ mi ní Ìnísà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Ìyá ọkọ mi ń lọ sí Ìkìrun lọ wẹ ọmọ tuntun tí ọmọ wọn obìnrin bí. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, wọ́n mú mi dé ìdí ata wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ata mi dọwọ́ rẹ o. Mi ò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí."

Bí ìwọ náà bá ti ṣe ìyàwó tuntun rí, o mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Bí ata yẹn bá kú, ta ni wọn yóò sọ pé ó pa á bí kò ṣe èmi? Mo ń bomi rin ín kí n tó lọ kọ́ni ní Òkukù. Kò pẹ́, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo bá fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Ńṣe ni pípọ́n náà ń gun òkè. Mo já àwọn ewé tó pọ́n sọnù kí ẹnì kankan má baà rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tètè jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá bàbá ọkọ mi níbẹ̀ nínú sùtánà funfun. Omi àdúrà ni wọ́n ń dà sí ìdí ata, wọ́n ń sọ pé, "Olúwa, jẹ́ kó yè, má dójú ti ọmọ ọlọ́mọ." Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń dà á láti ìgbà tí ìyá ti lọ. Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé garawa omi dé.

"Háà! Ọ̀sán lèmi ń wọ́n tèmi, bí ìyàwó bá ti lọ sí Òkukù," ló wí. "Mo rò pé ó ń gbàgbé ni."

Ọkọ mi náà yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rí wa, ó yára fi ike omi pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rín pa wá. Bàbá tẹ ilẹ̀ wò, ẹsẹ̀ wọn rì. Wọ́n ní, "Ata yìí ò ṣàìsàn o. Àwa la fẹ́ fi omi pa á."

A la ọ̀nà fún omi láti ṣàn lọ, kò sì sẹ́ni tó tún bu omi síbẹ̀ àfi bí ilẹ̀ bá gbẹ. Ewé tuntun yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ìyá dé, ojú wọn kò kúrò lára igi ata tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bọ̀rọ́ láìsí ewé. "Ta ló ṣe ata mi báyìí?" Mo ti ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ nígbà tí bàbá dáhùn láti orí àga wọn pé, "Àwa ni."

Bí wọ́n bá bi mí ní ọjọ́ tí mo di ọmọ ilé yẹn, n kì í dárúkọ ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ tí bàbá ní, "Àwa ni," ni mo máa ń sọ.