Omi Gbígbóná tí Mo Dà sí Bàbá Mi Lẹ́sẹ̀

Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, màá kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá mi ná. Ti òsì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti ọ̀tún á tutù, àyà mi á já. Ìtọ̀ ṣúgà ló mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún náà fún. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn dókítà ti ki bàlúùnù kékeré kan bọ inú òpó náà, wọ́n fẹ́ ẹ, ọ̀nà sì là. Ayọ̀ wa ò pẹ́. Òpó náà tún fún padà.

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹ̀rù. Bí nǹkan bá ti ń bà mí lẹ́rù, àfi kí n ṣe nǹkan sí i, kódà kó jẹ́ nǹkan burúkú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Okokomaiko, bàbá mi ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsùbáà. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, mo gba búùtà lọ́wọ́ wọn, mo sáré bu omi gbígbóná kún un. Ẹsẹ̀ tó tutù, omi gbígbóná ló yẹ ẹ́, àbí?

Ẹsẹ̀ ọ̀tún la kọ́kọ́ ń wẹ̀. Mo dà á, wọn ò wí nǹkan kan, inú mi sì dùn. Nígbà tó kan òsì ni wọ́n fò sókè.

"Yéè! Ṣé o fẹ́ bó mi láàyè ni?"

Awọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń lé ròrò nígbà yẹn. Wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò náà ò jinná. A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà, obìnrin kan tí kò tó mi lọ́jọ́ orí, ní ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ kò tó. Ó ní òun á tún lo bàlúùnù, ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n fi kun ara eléyìí. Oògùn náà á wọ ara òpó, kò ní jẹ́ kó tètè fún mọ́. Ó ní irú bàlúùnù olóògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde, oògùn ara rẹ̀ máa ń ṣàn dànù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe báyìí. Bí kò bá wá ṣiṣẹ́, gígé ẹsẹ̀ ló kù.

Tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni bàbá mi ń tà ní Alaba. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ tòkunbọ̀ o."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta ló da omi gbígbóná sí yín lẹ́sẹ̀?" ni dókítà bi wọ́n.

"Èmi ni," ni bàbá mi wí, kí n tó la ẹnu.

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé wá: kí ẹbí kan buwọ́ lù ú pé, bí bàlúùnù bá kùnà, kí wọ́n gé ẹsẹ̀. Mo ní ká dúró de ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá mi fi bírò sí mi lọ́wọ́.

"Ìyá mi, àánú lo fi da omi yẹn. Àánú náà ni kó o fi buwọ́ lù ú."

Mo buwọ́ lù ú. Wọ́n gbé bàbá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn padé, kí n tó rántí pé mi ò tíì tọrọ àforíjì. Níta yẹn ni mo ti ń bẹ bàbá mi lọ́kàn, títí dókítà fi yọjú, tó ní ọ̀nà ti là, kò sí gígé lónìí, ká máa wo egbò náà.

Mo wọlé. Bàbá mi ti sùn lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn bẹ́ẹ̀.